Ọmọ Àáfà Tó Ń Fi Wúrà Bo Ewé

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, a sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí a ti ń ṣe é ní Ìlọrin. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ara mi ló kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn fi ìdí tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ jù. Oníbàárà kan ní òun fẹ́ ọ̀dà funfun, mo gbé dúdú fún un, òun náà gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀, títí ó fi padà wá ní ìrọ̀lẹ́ tòun ti ìbínú. Mo tọrọ àforíjì, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ò wọ̀ mí lára. Àforíjì tí mo tọrọ gan-an ò wọ̀ mí lára.

Ọ̀dà ni mo ń tà, nítòsí Pósọ́fíìsì. Ìwé mi ò pọ̀. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí n kò mọ̀, mo sì dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ni Àáfà láàárín wa. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lágboolé wa, ó sì máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da Àlùkùránì kọ. Tó bá kọ ojú ewé kan tán, á wá fi tàdáà pupa àti èyí tó pọ́n bí ọsàn ya ọnà yí etí rẹ̀ ká: ewé tó lọ́ mọ́ ewé, òdòdó tó yọ láti ẹnu òdòdó. Nígbà tó bá ń yà á, gbogbo ilé kéú á dákẹ́. Ọmọ tó bá wúkọ́ á jáde.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ka iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, nígbà tó ń gbé Tánkè, lẹ́yìn náà ló bá ìwé kíkà lọ sí Málítà, erékùṣù kan láàárín òkun lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tó lọ kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń tún ọnà ara ilé àtijọ́ ṣe. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò dáadáa. A rò pé ilé ló ń kọ́.

Kò tíì pẹ́ tí bàbá rẹ̀ kú tí fọ́tò kan fi dé. Ó fi í ránṣẹ́ sí fóònù ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ fi han ẹnì kan, ẹni náà sì gbé e sórí Wáàtsáàpù ẹbí. Ọmọ wa ló wà níbẹ̀, ó wọ híjáàbù, ó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń fi wúrà bo màláíkà kan tí wọ́n fi igi gbẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ màláíkà ọ̀hún tóbi, kò sì wọ ṣòkòtò.

Mágàjí agboolé wa pe ìpàdé. Gbogbo wa jókòó sórí ẹní. Ó fi fóònù náà jìnnà sójú, ó sún un mọ́ ojú, ó tún fi í jìnnà.

"Kí ni ẹ ń pè ní Málítà?" ó bi wá. "Èyí tó wà nínú ìgò ni mo mọ̀."

"Erékùṣù ni, Bàbá," ni mo sọ. "Omi ló yí i ká."

"Omi yí i ká, ọmọ Àáfà wa sì wà láàárín ẹ̀, ó ń fi wúrà kun òrìṣà. Kí ló tún kù?"

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kù. Wọ́n ní kó wálé. Wọ́n ti rí ọkọ fún un pàápàá, ọmọkùnrin kan tó ń ta táyà ní Ọ̀fà Gáréèjì, èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹni tó máa lọ mú un wá ló kù. Bí gbogbo wọn ṣe yíjú sí mi báyìí, mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù, torí èmi nìkan ni mo ní pásípọ́ọ̀tù láàárín wa, láti ìgbà tí mo ti lọ sí Mẹ́kà.

"Ká fóònù sí i ńkọ́?" ni mo sọ.

"Ọlọ́dà," ni Mágàjí wí, "wọn kì í fi fóònù mú ọmọ wálé."

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló san owó ọkọ̀ òfuurufú mi. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ wá wò ó. Nínú ọkọ̀ náà, mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, wọn ò sì pọ̀, nítorí náà mo tún wọn kà títí obìnrin tó jókòó tì mí fi ń mirí sí i. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn. Gbogbo nǹkan ló ti kú lára mi, ìbànújẹ́ kú, ebi kú, ẹ̀rù nìkan ló ń jí ní kùtùkùtù tó ń lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀.

Ìlú náà, òkúta ni látòkè délẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín. Àdúgbò ibẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, ibi tó o bá sì yà sí, òkun ń dúró dè ọ́ nísàlẹ̀. Lára ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n na yàrá onípákó kékeré kan síta lókè, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé tàbí pupa tàbí búlúù, wọ́n sì fi gíláàsì dí i. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń rí ọ, ìwọ ò rí i. Mo ní, áà, àwọn ilé yìí wà ní ẹ̀há. Ìyẹn nìkan ló tù mí lára díẹ̀. Ọ̀dà wọn náà dára, wọn ò bu omi là á.

Àwọn ère ìgun ilé ni kò tù mí lára. Níbi tí ọ̀nà méjì bá ti pàdé, ẹnì kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ á dúró lókè, á na ọwọ́, á máa wò mí. Mo máa ń sọdá sí òdìkejì kí n má kọjá lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn á ti wà ní òdìkejì.

"Kí ló ṣe wọ́n tí wọn ò lè fi ògiri sílẹ̀ bó ṣe wà?" mo bi ọmọ wa, nígbà tó ń mú mi rìn kiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Ìloro ilé kan là ń wò, tí òkúta ibẹ̀ ká kò, tó lọ́, tó rọ̀ bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ wọ inú agbádá.

Ó ní, "Bàbá Kékeré, ìgbà kan wà tí àwọn ará ibí fẹ́ kí òkúta máa ṣe bí aṣọ. Wọn ò fẹ́ kí ojú èèyàn rí ibi sinmi. Bàrókù ni wọ́n ń pe irú ọnà bẹ́ẹ̀."

"Ó dún bí orúkọ abúlé kan lọ́hùn-ún lápá Bàrùbá."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó ní oúnjẹ á tutù. Lọ́jọ́ kejì, ó rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó rẹ èmi náà. Bí mo ṣe ń sún un síwájú nìyẹn. Àràárọ̀ ló ń lọ síbi iṣẹ́, èmi á máa rìn nínú ìlú, mà á máa wo ilẹ̀kùn tí wọ́n fi idẹ ṣe ẹja sí lára, mà á máa sá fún ère. Tí Mágàjí bá pè, "Ṣé ó ń bọ̀?" mà á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn dára púpọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, mo ní kí n kúkú lọ wo ibi iṣẹ́ ọ̀hún, torí wọ́n máa bi mí ohun tí mo rí. Ilé ìjọsìn àwọn onígbàgbọ́ ni, ti àtijọ́. Ìta rẹ̀ ò jọ nǹkan kan, bí ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Mo wọlé. Mo ti ta ọ̀dà góòlù rí. Agolo rẹ̀ kéré, àwọn tó ń kun òkè gééètì ló ń rà á. Nínú ilé yìí, kò sí ibi tí wúrà ò dé. Ó gun ògiri lọ, ó lọ́ mọ́ òpó, ó dé àjà. Àwọn èèyàn tí wọ́n yà sínú àwọsánmà lókè ń já bọ̀ lórí mi, wọn ò sì jábọ́.

Mo wolẹ̀ kí n lè sinmi. Ilẹ̀ ló burú jù. Mábù aláràbarà ni, wọ́n sì fi mábù náà ya egungun òkú tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé dòjé dání. Mo wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Egungun mìíràn. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé sàréè ni gbogbo ilẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú, wọ́n tò wọ́n bíi táìsì. A kì í tẹ sàréè mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti bí mi. Mo wá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ ìlà tó wà láàárín wọn, mo ń fò láti ìlà kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá rí àgbàlagbà nínú jalàbíà lọ́jọ́ yẹn á rò pé sùwé ló ń ta.

Mo dé ìdí òpó kan, mo fara tì í. Àwọn ìyá arúgbó kan jókòó níwájú. Tẹ̀sùbáà ló wà lọ́wọ́ wọn. Mo nu ojú mi, mo tún wò ó: tẹ̀sùbáà ni, wọ́n ń ṣà á ní hóró-hóró bí a ṣe ń ṣà á. Ìyá tó ṣáájú gbóhùn sókè, ohun tí etí mi gbọ́ kedere láti ẹnu rẹ̀ ni: "Sàlíìmù àlíìkì..."

Láti kékeré ni wọ́n ti fi pàṣán kọ́ wa pé ẹni tó bá sálámà sí wa, ká dá a lóhùn, ká sì mú ohùn náà jáde. Mi ò ronú rárá. Mo ní:

"Wàálékùmù sàlámù!"

Ilé náà gbà á, ó gbé e lọ sókè àjà, ó yí i ká, ó tún gbé e padà wá bá mi. Gbogbo àwọn ìyá náà yíjú. Mo lẹ̀ mọ́ òpó. Èyí tó ṣáájú wò mí láti fìlà dé bàtà, ó mi orí sí mi bí ẹni tó gba ìkíni, ó sì bá àdúrà rẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ó ń bọ̀ láti òkè. Ẹ̀rín tó máa ń kọ́kọ́ há lọ́nà ọ̀fun bí òsúkè, kó tó tú jáde. Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo wo òkè, àwọn èèyàn inú àwọsánmà pọ̀ lọ súà, mi ò mọ èwo ló rẹ́rìn-ín nínú wọn.

"Bàbá Kékeré! Ọwọ́ òsì yín! Ẹ wo ọwọ́ òsì!"

Ọmọ wa ló dúró lórí pákó tí wọ́n fi irin gbé ró, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń dúró lé, nítòsí àjà. Eruku bo híjáàbù rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó ní kí n máa gùn bọ̀.

Bí mo ṣe gun òkè yẹn, mi ò ní sọ ọ́. Ó ní kí n má wo ìsàlẹ̀. Òkè náà ò sì ṣeé wò. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, mo ti jókòó lórí pákó, màláíkà aláìṣòkòtò inú fọ́tò wà lójúkojú mi, a sì wo ara wa.

"Ìyá yẹn ò kí mi ni?" mo béèrè.

"Wọn ò kí yín. Ìyá Ànábì Ísà ni wọ́n ń kí. Èdè wọn ti ara èdè Lárúbáwá jáde ni. Ọlọ́run gan-an, Alla ni wọ́n ń pè é." Ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá wọn dáhùn dáadáa, ẹ ò ṣẹ̀."

Ó ṣí ìwé pẹlẹbẹ kan. Wúrà ló wà nínú rẹ̀, wúrà gidi, ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. "Ẹ má mí o," ó wí. "Tẹ́ ẹ bá mí, á fò lọ."

Mo di èémí mú. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ kó lè mú wúrà, ó fi gbé wúrà náà, ó gbé e lé ewé kan tí wọ́n gbẹ́ lábẹ́ màláíkà ọ̀hún. Wúrà náà wárìrì, ó dà bí ẹni pé ó ń ro ibi tó máa sùn, ó sì lẹ̀. Ọmọ wa fa ahọ́n rẹ̀ síbi igun ẹnu. Bàbá rẹ̀ nìyẹn tó bá ń ya ewé sí etí Kùránì. Lẹ́yìn náà, ó gbé òmíràn lé ìyẹ́ màláíkà náà. Mo rí i kedere. Ìyẹ́ ni.

"Ẹ lè mí wàyí."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?" mo bi í. "Ìwọ náà lo ń kun ojú?"

"Rárá. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò fẹ́ fọwọ́ kan ojú. Ẹlòmíràn ló ń ṣe ojú. Ewé àti ìyẹ́ lèmi ń ṣe."

"Ìyẹ́ ò sí lára ère?"

Ó wo ìyẹ́ náà. "Mi ò mọ̀, Bàbá Kékeré. Bàbá ì bá mọ̀."

Bí mo ṣe wá jẹ́ iṣẹ́ náà nìyẹn, lórí pákó, lójú màláíkà. Mo ní wọ́n rán mi wá mú un wálé. Mo ti ṣe ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mẹ́ta nínú ọkàn mi kí n tó wá, gbogbo rẹ̀ ló sá lọ.

"Mo mọ̀," ó wí. "Màmá ti sọ fún mi kẹ́ ẹ tó kúrò nílé."

"O mọ̀, o wá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi?"

"Ẹnì kan á ṣáà wá. Ó sàn kó jẹ́ ẹ̀yin." Ó nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Wọ́n ti rí ọkọ, àbí?"

"Wọ́n ti rí. Ó ń ta táyà."

"Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

"Èèyàn dáadáa ni." Irọ́ kọ́.

Ó mi orí. Ó wá ní, "Bàbá ti lọ. Ẹ̀yin lẹ wà nípò wọn. Tẹ́ ẹ bá ní kí n wálé, mà á di ẹrù mi, mi ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé Mágàjí ní, pé ẹbí ní. Ẹ̀yin."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi pinnu. Òun ló ní kí n máa ta ọ̀dà. Òun ló yan ibi ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo fẹ́ ìyàwó, òun ló ní obìnrin náà dára, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ wá gbé ayé odidi kan lé mi lọ́wọ́ lókè àjà, níbi tí n kò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ̀kalẹ̀.

Mo ní ká kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀.

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń se ìrẹsì, kò bi mí. Mo ń wá inú ara mi bóyá ìbínú wà níbẹ̀ tàbí àánú, ohun tí èèyàn lè fara tì láti sọ̀rọ̀. N kò rí nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń tọwọ́ bọ àpò tó ti lu.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń padà, ó sìn mí dé pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti ń pe àwọn èrò. Ó gbé báàgì mi lé mi lọ́wọ́, ó ń wò mí.

"Dúró," ni mo sọ.

"Kí n dúró dè yín títí ẹ ó fi wọlé ni, àbí kí n dúró síbí?"

"Síbí."

Ó kúnlẹ̀ lórí táìsì wọn, àwọn òyìnbó ń yà fún un. N kò gbọ́ ìró nǹkan kan nínú mi. Ó rí bí ẹni tó ní kí wọ́n gbé agolo ọ̀dà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù tó bá mi nígbà tí mo jókòó tán, tí mo rántí Mágàjí, ìyẹn pọ̀.

Nígbà tí mo délé, wọ́n pé jọ lágboolé. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Òun dà?" ni Mágàjí wí.

"Ó wà lọ́hùn-ún, Bàbá."

"Ó kọ̀ ni?"

Ilẹ̀kùn nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbagada. Ká ní mo sọ pé ó kọ̀, mà á jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi láìsí wàhálà. Mo ní, "Kò kọ̀. Ó ní tí mo bá ní kó wá, á wá. Èmi ni mo ní kó dúró."

"Ìwọ, Ọlọ́dà?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé o rí i tó ń kun ère?"

"Ewé ni mo rí tó ń kùn. Ó kun ìyẹ́ náà." Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. "Kò kun ojú. Ó ń kírun. N kò mọ ohun tí ó jẹ́ nínú ẹ̀sìn, Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ló ń mọ irú ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè ní kó wá máa fi ta táyà."

Mágàjí ò pariwo. Ó ṣà tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Láti òní lọ, ìwọ ni bàbá ẹ̀. Ohun yòówù tó bá ṣe lọ́hùn-ún, a ò ní bi ẹlòmíràn. Ọrùn ẹ ló wà."

Mo ní mo gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ń gbọn ẹní. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń wá bàtà mi.

Ìyá ọmọ náà ò tíì jáde nínú opó nígbà náà. Ó ránṣẹ́ pè mí, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé. Kò yìn mí, kò sì bú mi. Ó kàn ti ọ̀rá kan sí mi láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, lúrú tó ti lọ̀ kúnná, àwọ̀ ewé, ó so ó ní ìso méjì.

"Ọkọ mi, lúrú ò sí níbẹ̀, àbí?"

"Kò sí."

"Bá mi wá ẹni tó ń lọ."

Mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wò ó: ẹbu aláwọ̀ ewé nínú ọ̀rá, tí àjèjì máa gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí ọ̀rọ̀ mi. Mo ti rí àwọn aṣọ́bodè tó yí i ká lójú inú mi, mo ti rí ajá wọn. Mo wá ìwé, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ọbẹ̀ ni, mo tún fi ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Tánkè tó ń rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Ìlú mìíràn ni wọ́n ní ó ń lọ, kì í ṣe Málítà rárá, ṣùgbọ́n mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo ti wọ kẹ̀kẹ́.